Eyín Ti Gbó, Orúnkún Kò Tíì Dì: Ìrírí Mi Nídìí Egungun Àtijọ́

Ẹni tó bá ti jẹ itan ọmọ ewúrẹ́ nínú ọbẹ̀ rí ti fọwọ́ kan ohun tí gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Ẹran jinná tán, èèyàn fa orí egungun náà, ó sì ṣí kúrò lára ọ̀pá rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ojú ibi tó ti ṣí kò jọ̀lọ̀, gegele àti kòtò wẹ́wẹ́ ló kún un. Bó bá jẹ́ òbúkọ tó ti dàgbà ni, ẹ lè fà á di ọ̀la, kò ní ṣí, torí ìdérí àti ọ̀pá ti so pọ̀. Ìgbà tí ìdérí ṣì ń ṣí yìí ni egungun fi ń gùn. Họ́mónù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíì nínú ara, ló ń sọ fún un pé kó máa gùn, họ́mónù náà ló sì ń sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́.

Egungun èèyàn rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ì báà jẹ́ ti ẹni tó kú níjẹta tàbí ti ẹni tó kú ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi nípa bí a ṣe ń wo egungun àtijọ́ láti mọ̀ bóyá họ́mónù ìdàgbà ẹni náà pọ̀ jù, tàbí kò tó, tàbí kò dé lásìkò. Kí n sì tètè sọ ọ́: egungun ni mo wí, kì í ṣe egúngún. Àmì ohùn kò sí lórí tiwa, ìyẹn gan-an ló sì ń kó báni, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sórí èkejì náà. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà sí ààfin kan ní Èkìtì pé òun fẹ́ wá wo egungun, kó má yà á lẹ́nu bí wọ́n bá bi í pé ọ̀jẹ̀ ìdílé wo ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ kéré púpọ̀. Kókó kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní pituitary, kò ju ẹ̀wà kan lọ, inú kòtò kan tó rí bíi gàárì ẹṣin ló jókòó sí ní ìpìlẹ̀ agbárí. Bí nǹkan bá wú lára rẹ̀ tó sì ń da họ́mónù ìdàgbà sílẹ̀ ní àdàjù nígbà tí ìdérí egungun ṣì ṣí, ọmọ náà á máa ga ṣáá, á di òmìrán. Bó bá jẹ́ pé ìdérí ti dì tán kó tó bẹ̀rẹ̀, kò lè ga mọ́. Àgbọ̀n, ìka, ẹsẹ̀ àti iwájú orí ni yóò máa fẹ̀. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní acromegaly. Bí họ́mónù náà kò bá tó, ẹni náà á kúrú, àmọ́ apá, ẹsẹ̀ àti àyà rẹ̀ á bára mu. Thyroid, kókó tó wà lọ́rùn, ní iṣẹ́ tirẹ̀. Họ́mónù ìbàlágà ló ń ti ìlẹ̀kùn: estrogen ló ń so ìdérí mọ́ ọ̀pá, lára obìnrin àti lára ọkùnrin pẹ̀lú.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé èèyàn á gbé egungun itan gígùn kan, á sáré wọ̀n ọ́n, á sì kéde òmìrán. Gígùn kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Eyín ni. Eyín ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀ tí họ́mónù ìdàgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ dà rú: eyín ẹ̀yìn kìíní máa ń yọ ní nǹkan bí ọdún 6, ìkejì ní nǹkan bí ọdún 12, eyín ọgbọ́n láàárín ọdún 17 sí 21. Egungun náà ní tirẹ̀. Ìgúnpá ló ń kọ́kọ́ dì. Orúnkún àti ọrùn ọwọ́ ló ń kẹ́yìn nínú apá àti ẹsẹ̀, láàárín ọdún 16 sí 20 fún ọkùnrin, obìnrin sì ń fi nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú. Etí ìbàdí lókè lè pẹ́ di ọdún 23. Egungun tó dábùú láti àyà dé èjìká ló ń pẹ́ jù, orí rẹ̀ tó wà níhà àyà lè má dì tán kí èèyàn tó pé 30.

Nítorí náà, mo máa ń kọ ọjọ́ orí méjì sílẹ̀ fún òkú kan ṣoṣo, ti eyín lápá òsì ìwé, ti egungun lápá ọ̀tún, láìjẹ́ kí ọ̀kan ti èkejì. Bí méjèèjì bá súnmọ́ra, kò sí wàhálà. Bí eyín ọgbọ́n bá ti yọ, tí orí rẹ̀ sì ti gbó, ṣùgbọ́n tí ìdérí orúnkún ṣì ṣí gbayawu, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tó ti fi eyín ọgbọ́n jẹun fún ọdún mẹ́wàá kò yẹ kó ní orúnkún ọmọ ọdún 14. Àlàfo tó wà láàárín eyín àti egungun yìí ni ẹ̀rí. Gíga tàbí kúkúrú kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti kọ́ ojú rẹ ní iṣẹ́ yìí wà lọ́jà ẹran. Ẹ bá alápatà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ iwájú òdá kan àti ti òbúkọ kan tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá pa mọ́ fún yín. Kí ọjọ́ orí méjèèjì dọ́gba, ọdún méjì ló dára jù, kí ẹ sì bi olówó wọn nígbà tí wọ́n bí wọn. Kí ìran wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́, torí ewúrẹ́ ilé tiwa fúnra rẹ̀, aràrá ni láàárín ewúrẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú láti ìran wá. Ẹni tó bá fi í wé èyí tí wọ́n kó wá láti òkè ọya, ìran ló wọ̀n yẹn, kì í ṣe họ́mónù. Ẹ ha ẹran kúrò, ẹ fi omi bò ó tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ da ọṣẹ ìfọṣọ tó kún ṣíbí ìjẹun méjì sí i, kí iná rẹ̀ mọ níwọ̀n: kó máa mì, kó má hó. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Bó bá hó yàà, ojú egungun á là. Ẹ má fi bílíìṣì sí i láti mú un funfun, ó ń jẹ ojú egungun lọ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan á máa yẹ̀ bí ẹfun. Inú asẹ́ ni kí ẹ da omi náà sí, torí àwọn ìdérí kéékèèké á ti ṣí sínú rẹ̀.

Ẹ gbé wọn sórí tábìlì pọ̀. Egungun òdá gùn jù, ó sì tín-ín-rín jù ní ìwọ̀n gígùn rẹ̀. Ibi tí ìdérí rẹ̀ ti pàdé ọ̀pá ṣì ń fi ìlà hàn tàbí kó ṣì ṣí, nígbà tí ti òbúkọ ti ń dì. Ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Bí ìwọ̀n mẹ́ta ẹnì kan náà bá fi ju ìdajì mílímítà lọ yàtọ̀ síra, ọwọ́ ni kò tíì mọ́, ẹ kò tíì tó fọwọ́ kan egungun èèyàn.

Òdá ẹran ló ṣí mi lójú sí ọ̀rọ̀ ìwẹ̀fà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dàá fún iṣẹ́ ààfin láyé àtijọ́. Ọ̀nà Ìwẹ̀fà, Ọ̀tún Ìwẹ̀fà àti Òsì Ìwẹ̀fà wà láàfin Ọ̀yọ́, gbogbo wa la mọ oyè wọn. Bí wọ́n bá tẹ ọmọkùnrin lọ́dàá kó tó bàlágà, ìdérí rẹ̀ á pẹ́ kó tó dì, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á gùn ju ìwọ̀n àyà rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìbàlágà ni, egungun ti parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ní fi nǹkan kan hàn. Ẹni tó bá ń wá ìwẹ̀fà nínú ibojì nípa ẹsẹ̀ gígùn nìkan yóò pàdánù púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rí mìíràn wà tí kì í ṣe ti ìdàgbà, àmọ́ tí họ́mónù ń fà: ní 2006, wọ́n hú òkú Farinelli ní Bologna, akọrin ilẹ̀ Ítálì tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá láti kékeré kí ohùn rẹ̀ má baà wúwo, tó kú ní 1782. Wọ́n rí i pé inú egungun iwájú orí rẹ̀ ti nípọn gan-an, ó wú gúlọ́gúlọ́. Ara àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá ni a ti sábà ń rí irú rẹ̀. Bí agbárí bá ti fọ́, ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láìwo inú rẹ̀.

Inú ilẹ̀ ni a ti máa ń pàdánù jù, kì í ṣe nídìí tábìlì. Ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣọ̀rẹ́ egungun. Láti ara òkúta ńláńlá tó yí wa ká ni ilẹ̀ pupa yìí ti wá, ó kan bí ọsàn kíkan (ásíìdì ló wà nínú rẹ̀), òjò sì ń fọ ẹfun inú egungun lọ lọ́dọọdún. Nígbà mìíràn, eyín nìkan ló kù, òjìji egungun sì wà lára ilẹ̀. Ibi tí eérú bá pọ̀ sí ló ń gbà wọ́n là, torí eérú ń pa ẹ̀kan ilẹ̀. Wọ́n kò ṣèèṣì pe Ihò Eléérú ní orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ni Thurstan Shaw, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti hú egungun ẹnì kan jáde ní 1965, ẹni tó kú ní ohun tó lé ní 11,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ wá egungun àtijọ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa, abẹ́ òkúta àti ibi eérú ni kó máa wò, kì í ṣe àárín oko.

Nínú egungun 206 tó wà lára àgbàlagbà, 106 ló wà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni acromegaly ń sàmì sí, àwọn náà ni wọ́n sì ń dà nù pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀. Egungun orí ìka tó gbé èékánná ń fẹ̀ ní ṣóńṣó, á rí bí orí ọfà. Ẹ fi asẹ́ oníhò mílímítà 2 sẹ́ yẹ̀pẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún ní ọ̀rá tirẹ̀, kí òsì ní tirẹ̀, nínú ibojì níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti dàpọ̀, ọjọ́ kan gbáko ni títò wọn máa gbà.

Agbárí ńkọ́? Yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fẹ́ kọ́kọ́ kó jáde, wọ́n á mú igi, wọ́n á máa ha á. Ògiri ẹ̀yìn kòtò pituitary tín-ín-rín bí èèpo ẹyin, igi yẹn á wó o lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí agbárí tó pé pérépéré lójú, tí ohun kan ṣoṣo tí a ń wá nínú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Ẹ fi yẹ̀pẹ̀ náà sílẹ̀, ẹ gbé e lọ ya X-ray tàbí CT (X-ray tó ń ya inú nǹkan ní ìpele ìpele) kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ CT, kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ju mílímítà 1 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti igi ọparun tí a gbẹ́ ni iṣẹ́ kàn. Abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ. Oòrùn ọ̀sán Adó á là á sí wẹ́wẹ́.

Kòtò pituitary àgbàlagbà kì í sábà gùn ju mílímítà 16 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kì í sì í jìn ju 12 lọ. Ẹ ṣọ́ra fún X-ray nídìí èyí, torí òjìji máa ń tóbi ju ohun tó ni ín. Bí iná X-ray bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 100 sí fíìmù, tí kòtò náà sì ga sókè fíìmù ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ pín 100 fún 90: gbogbo nǹkan á hàn ní ìlọ́po 1.11. Kòtò tó jẹ́ 14.5 lóòótọ́, tí kò ní àìsàn kankan, á jẹ́ 16.1 lórí fíìmù. Báyìí ni a ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣẹ̀dá òmìrán. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ gbé irin kékeré tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ síbi tó ga dọ́gba pẹ̀lú kòtò náà, kí wọ́n ya méjèèjì pọ̀. Kòtò tó tóbi lóòótọ́ pàápàá kò tíì tó láti dájọ́: thyroid tí kò ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lè mú kí pituitary wú, oyún náà sì ń mú un tóbi.

Àgbọ̀n ni kí ẹ wò tẹ̀ lé e. Igun tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ṣe lábẹ́ etí máa ń wà ní nǹkan bí dígírì 120 sí 125. Nínú acromegaly ó ń ṣí sí i, àgbọ̀n á yọ síwájú, àlàfo á sì là láàárín eyín. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ fara balẹ̀ lórí àlàfo yìí. Èjí lókè, láàárín eyín iwájú méjì, ẹwà ni, àbímọ́ ni, àwọn kan sì ń fi irin ṣe é. Ẹ fi awò wo ẹ̀gbẹ́ eyín bóyá ojú irin wà níbẹ̀. Àlàfo tó kan gbogbo eyín, pàápàá ti ìsàlẹ̀, ni tiwa. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká tán kí ó tó kú, igun àgbọ̀n rẹ̀ ti yí padà fúnra rẹ̀. Mo kì í wọ̀n irú rẹ̀ rárá.

Ti àwọn tó kúrú le jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, aràrá, ni a fi ń pe gbogbo wọn, egungun wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan. Aràrá tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí àyà rẹ̀ tó ti ẹlòmíì, tí iwájú orí rẹ̀ yọ, tí ìdí imú rẹ̀ sì wọlé, achondroplasia ni, àbùdá ló fà á, họ́mónù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ère Seneb ará Íjíbítì àtijọ́ fi irú ara yìí hàn kedere: ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá sọ̀ kalẹ̀ sí ni ẹni tó gbẹ́ ère náà fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ẹni tí pituitary rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kúrú ní gbogbo ara ní dọ́gbadọ́gba, ìdérí rẹ̀ sì ṣí pẹ́. Ti thyroid ọmọdé ń fa eyín gan-an sẹ́yìn pẹ̀lú egungun, àwùjẹ̀ tó yẹ kó dí kí ọmọ tó pé ọdún méjì á ṣì wà ní ṣíṣí, orí egungun itan á sì jáde ní wóró wóró dípò odidi kan. Gẹ̀gẹ̀, ìyẹn thyroid tó wú, kì í kù sínú ibojì, ẹran ara ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa, tó ń dènà iodine tí thyroid nílò, kó kọ́kọ́ wo ìgbà tí ẹni náà gbé ayé: ẹ̀yìn ọdún 1500 ni ẹ̀gẹ́ tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí a tó dárúkọ họ́mónù rárá ní apá ibí yìí, fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) ni ká kọ́kọ́ yọ kúrò. Òun náà ń dá ìdàgbà dúró, ó ń jẹ́ kí ìdérí pẹ́ ṣí, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wo egungun ọ̀pá ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́: bí àárín òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wọlé bí lẹ́tà H, tí orí egungun itan sì ti kú tó wó, kò sí ohun tí pituitary ń wá níbẹ̀. Ebi àti àìtó calcium náà ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó wọ́ máa ń tú calcium fó.

Ní ti gíga, Mildred Trotter àti Goldine Gleser gbé ìṣirò kan jáde ní 1952 tí gbogbo ènìyàn ń lò: fún ọkùnrin adúláwọ̀, ẹ fi 2.11 sọ gígùn egungun itan di púpọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi 70.35 kún un. Itan 45 á fún yín ní 165.3, ó sì lè fi nǹkan bí 4 ṣì sókè tàbí sísàlẹ̀. Ara àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ara wọn bára mu ni wọ́n ti fa ìṣirò náà yọ. Ẹ lò ó fún ìwẹ̀fà, á sọ ọ́ di igi àgbọn. Ẹ lò ó fún aràrá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, á já a kulẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, ọ̀nà tí Georges Fully gbé jáde ní 1956 ni mo fọkàn tán: ẹ to gíga agbárí, egungun ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, itan, ojúgun àti egungun gìgísẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 11.5 kún un fún ẹran ara. Ó gba àkókò, ó sì nílò òkú tó pé. Ọkùnrin tí wọ́n rí ní Fidene nítòsí Róòmù ní 1991, tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta lẹ́yìn Kristi, ga tó sẹ̀ǹtímítà 202, láàárín àwọn ọkùnrin tí gíga wọn jẹ́ nǹkan bí 167 ní ìpíndọ́gba. Síbẹ̀ ìdérí egungun rẹ̀ àti ìpìlẹ̀ agbárí rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ òmìrán rẹ̀ dúró.

DNA lè parí iyàn, bó bá ṣẹ́ kù. Ooru ilẹ̀ wa ń bà á jẹ́ kíákíá, nítorí náà egungun líle tó wà lẹ́yìn etí nínú agbárí, tàbí gbòǹgbò eyín, ni ká mú. Nǹkan bí mílígíráàmù 50 ìyẹ̀fun tó. Ẹ mú un kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù kankan kan egungun náà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Eyín Charles Byrne, òmìrán ará Ireland tó kú ní 1783, ni wọ́n ti fa DNA yọ tí wọ́n fi rí i ní 2011 pé àbùdá rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní AIP ló bàjẹ́, àti pé àwọn alààyè kan ní apá ìlú rẹ̀ ṣì ní irú rẹ̀. Harvey Cushing, dókítà ọpọlọ, àti Arthur Keith, onímọ̀ nípa ara èèyàn, ti ṣí agbárí kan náà ní 1909, wọ́n ti rí kòtò tó fẹ̀.

Byrne kò fẹ́ kí wọ́n mú ara òun, inú òkun ló ní kí wọ́n sin òun sí. Wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ìran wíwò ní London fún ohun tó lé ní 200 ọdún, 2023 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hunterian tó ń pàtẹ rẹ̀ sọ pé àwọn kò ní pàtẹ rẹ̀ mọ́. Níhìn-ín, àṣẹ National Commission for Museums and Monuments ni ẹ máa kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà ààfin, lẹ́yìn náà ìdílé tó ni ilẹ̀. Egungun tó bá jọ tuntun, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè. Ẹ sì bi àwọn àgbà ìlú níbi tí wọ́n ń sin ẹni òrìṣà sí láyé àtijọ́, abuké, àfín, aràrá, torí bí ibojì wọn bá yàtọ̀, ẹ lè hú itẹ́ ìlú kan tán láì rí ẹyọ kan nínú àwọn tí ẹ torí wọn wá. Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ bi wọ́n ní ìjókòó àkọ́kọ́, kí ẹ tó na okùn sórí ilẹ̀.